Ohun Tó Wọ Màmá Lórí

Zion Pepe,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Sùlèímánì,

Àsàlámù aléékùmù. Mo kí yín níbẹ̀ ní Port-Gentil, ẹ̀yin àti gbogbo ará ilé tí ẹ jọ ń pẹja ní ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù. Ẹ kú ewu òkun. Ilé wa ṣì dúró lórí òpó rẹ̀, a dúpẹ́. Omi ti gbé ilé méjì lọ ní apá Araromi, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Orí ìwé ni mo kọ èyí sí. Tolúlọpẹ́ tó ń wa bóòtù yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù yín tó bá dé Igbókòdá níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní rí i títí ẹ ó fi ti ojú òkun wọlé.

Ẹ béèrè ìdí tí Màmá kò fi dá yín lóhùn, ẹ ní àbí ó ń bínú sí yín ni. Kò bínú. Orí ló ń fọ́ ọ. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, gbogbo oògùn orí fífọ́ tí a rà kò ràn án. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò di nǹkan mú bó ṣe yẹ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹja jóná mọ́ ọn lórí ààrò, odindi agbọ̀n kan. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Mo ní, "Màmá, ẹ ò rí èéfín ni?" Ó ní, "Mo rí i." Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣubú sómi níbi tó ti fẹ́ ti inú ọkọ̀ gun àtẹ̀gùn ilé wa. Ẹ mọ̀ pé Màmá lè fi agbọ̀n lérí kó sì dijú gun àtẹ̀gùn yẹn. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni kò gbọ́ràn.

Àwọn kan ti ń sọ pé ó ń mutí. Màmá wa, tí kò fẹnu kan ọtí rí!

Lọ́jọ́ Ajé, màá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbókòdá. Kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n màá gbé e pọ̀n bó bá di dandan. Ẹ fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́, kí ẹ sì máa jẹun dáadáa.

Àbúrò yín,
Láídì.


Port-Gentil,
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, ọdún 2025.

Láídì,

Wà aléékùmù sàlámù. Mo kí ọ, mo kí Màmá, mo kí Bàbá Kékeré ní Ode Mahin. Àná la wọlé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lórí omi, lẹ́tà rẹ ni mo sì kọ́kọ́ rí. Orí èbúté ni mo ti kà á, n kò tíì bọ́ aṣọ tútù lára.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni orí fi ń fọ́ ìyá mi kí o tó kọ̀wé! Ṣé o rò pé n kò gbọ́? Olówòkéré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mahin dé, ti sọ fún mi nínú ọkọ̀, níwájú gbogbo èèyàn, pé Màmá dé ìdí iyọ̀ lọ́jà, ó ní kí wọ́n ta "òrùlé" fún òun. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí ojú má baà tì mí, ẹ̀rín náà sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àìsàn tó ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu èèyàn kì í ṣe àìsàn ilé ìwòsàn. Wọ́n ti ṣe ìyá wa. Mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré Ìsìmáílà, kí àwọn alùfáà ka Kùránì sí i lórí fún ogójì ọjọ́. Má jẹ́ kí dókítà kankan fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ṣé o ti gbàgbé Bàbá wa? Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọ ilé ìwòsàn, àwa la gbé e jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. N kò tún ní di ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mú bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣe ohun tí mo wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sùlèímánì.


Àkúrẹ́,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín o. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màmá ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, lórí itan mi.

Lọ́jọ́ Ajé tí mo sọ níjelòó, Màmá di òpó ilé mú, ó ní òun ò lọ. Mo gbà fún un. Ẹ̀bi mi nìyẹn, n kò sá fún un. Ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, a wà nínú bóòtù Tolúlọpẹ́, à ń gbé edé lọ sọ́jà. Màmá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dá láàárín. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà pàkàpàkà bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ yí, gbogbo ara rẹ̀ le gbagidi. Ẹnì kan kígbe pé, "Wárápá ni! Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Èmi fọwọ́ kàn án. Mo dà á sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo ní kí Tolúlọpẹ́ má yà síbì kankan. Eré ló sá títí dé èbúté Igbókòdá.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, Jọọlá lorúkọ rẹ̀. Bó ṣe rí Màmá ló pè é lórúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí Màmá ti máa ń sọ fún wa pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lòun ń lọ gbà níbẹ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó dá gbígbọ̀n náà dúró, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé wa wá síbí láti ya fọ́tò inú orí rẹ̀. Dókítà fi fọ́tò náà hàn mí. Egbò mẹ́ta ló wà nínú ọpọlọ, èyí tó tóbi jù wà ní apá òsì. Ó ní apá òsì yẹn ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó la orí rẹ̀. Oògùn oníhóró ni wọ́n ń fún un.

Àṣẹ yín dé ọwọ́ mi. N kò mú un lọ sí Mahin, n kò sì ní mú un lọ. Kùránì, mò ń kà á fún un níbí láràárọ̀. Ó ń gba àdúrà, ó ń gbé oògùn mì, ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dá egbò náà sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sẹ́nu Màmá, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi mí búra pé n kò gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.

Àbúrò yín,
Láídì.


Port-Gentil,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Láídì,

N kò ní kí ọ.

Àìsàn wo ni kò lórúkọ? Dá mi lóhùn. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ tí ìwọ àti dókítà fi ń pín àṣírí ìyá mi láàárín ara yín, tí èmi àkọ́bí rẹ̀ ń ka "ẹ má bi mí" lórí fóònù? Egbò nínú ọpọlọ! Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ níjọ́ ti Bàbá náà nìyẹn, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ńlá bò wá lójú títí ó fi kú.

Mo ti ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré. Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò wá gbé Màmá lọ sí Mahin. Bí o bá dúró sójú ọ̀nà, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Sùlèímánì.


Àkúrẹ́,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ṣì ń pè yín bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kékeré dé lánàá, ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, òun àti ọkùnrin méjì. Wọ́n mú ẹní dání tí wọ́n fẹ́ fi gbé Màmá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Kúrò lọ́nà, Láídì."

Mo ní, "Bàbá, ẹ wọlé wá kí i. Kíkí nìkan."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló rán mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbí, Bàbá. Èmi ni mo wà níbí."

N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di férémù ilẹ̀kùn mú. Ibẹ̀ la wà tí Màmá fi pe orúkọ rẹ̀ láti orí ibùsùn. "Ìsìmáílà." Ó pè é díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó mọ́ gaara. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ìsìmáílà, wá jókòó. Wo ọwọ́ mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ ọ̀tún náà sókè. Ó pẹ́. Òógùn bo ojú rẹ̀. Kò dúró títí ọwọ́ náà fi dé èjìká. "Nígbà tí wọ́n gbé mi dé, kò lè kúrò lórí ibùsùn. Oògùn wọn ló gbé e. N kò kúrò níbí."

Bàbá Kékeré wo ọwọ́ náà títí. Ó ní, "Kí ni kí n wá sọ fún Sùlèímánì?"

"Má sọ nǹkan kan. Èmi ni mo bí i. Èmi ni màá sọ fún un."

Ó bá wa ṣe àdúrà, wọ́n sì lọ. Ó fi ẹní náà sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n yé sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Láídì.


Àkúrẹ́,
Ọjọ́ keje, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Sùlèímánì, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú ààwẹ̀. Láídì ló ń kọ̀wé, èmi ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ máa ń sá mọ́ mi lẹ́nu. Bó bá sá, èmi àti ẹ̀gbọ́n... èmi àti àbúrò rẹ á dúró dè é títí yóò fi padà. Òwúrọ̀ mẹ́ta la fi sọ èyí tí ò ń kà yìí. Má sáré kà á.

Àrùn éèdì ló pa bàbá rẹ. Lẹ́yìn tí a sin ín ni wọ́n tó sọ fún mi. Wọ́n yẹ èmi náà wò, ó wà lára mi. Mo mú ìwọ àti Láídì lọ fún àyẹ̀wò, mo ní ibà ni wọ́n fẹ́ wò. Kò sí lára yín. Láti ìgbà náà, ọdún mọ́kànlá ni mo fi lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tí mo ń pè é ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo yan ẹja, mo ta ẹja, mo tún ilé wa kọ́, mo sin ọ́ dé èbúté lọ́jọ́ tí ò ń lọ. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbi tí a ti ń gba oògùn. Mo gbójú sókè, mo rí Happiness, ìyàwó ilé kẹta sí tiwa. Mo fi ìborùn bojú, mo jáde, n kò sì padà débẹ̀ mọ́. Mo ní ara mi ti le. Mo ní ó sàn kí n kú ju kí wọ́n máa nàka sí mi lórí afárá pákó ìlú wa. Nígbà tí Láídì fẹ́ mú mi lọ sí Igbókòdá, tí mo di òpó mú, ohun tí mò ń sá fún nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Jọọlá ló là mí lóye nígbà tó wá kí mi níbí. Oògùn yẹn ló ń mú kí àwọn sójà ara mi dúró ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dá a dúró, wọ́n túká. Kòkòrò mìíràn kan wà tó ti sùn sára mi, bóyá láti kékeré. Ó wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tí sójà ara wọn bá pé. Tèmi ò pé mọ́. Ó jí, ó gun orí lọ, ó dá egbò sí mi nínú ọpọlọ. Kò sẹ́ni tó ṣe mí, Sùlèímánì. Má wá ẹni tí wàá bínú sí ní Zion Pepe tàbí ní Mahin. Èmi ni mo dá oògùn dúró.

Má sì bá Láídì jà. Èmi ni mo fi í búra. Mo ti tú u sílẹ̀.

Mo fẹ́ wà láàyè. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn mi padà, mo sì ti sọ fún Nọ́ọ̀sì Jọọlá pé bí gbogbo ará Zion Pepe bá tò sórí bẹ́ǹṣì yẹn, màá jókòó sáàárín wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. Ọdún keje rèé tí o ti wà nílẹ̀ òkèèrè, n kò bi ọ́ ní ohunkóhun. Lọ yẹ ara rẹ wò. Bàbá rẹ kò lọ títí ó fi pẹ́ jù. Ìwọ lọ.

Ìyá rẹ.


Zion Pepe,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá. Tolúlọpẹ́ fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ni àmì méjèèjì ti di búlúù lára lẹ́tà Màmá. Ẹ ti kà á. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Màmá kò bi mí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì bóòtù, á yọjú.

A ti wà nílé. Wọ́n tún ya fọ́tò orí rẹ̀: egbò méjì ti lọ, ẹ̀kẹta ti súnkì. Kò tíì rí bí ti tẹ́lẹ̀ o, n kò ní purọ́ fún yín. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń lọ́ra, ó ṣì ń lo oògùn tí kò ní jẹ́ kó gbọ̀n mọ́, ó sì lè bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹta kí púpurú tó jinná. Àmọ́ láràárọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin orí afárá dé mọ́ṣáláṣí. Ó ṣubú lọ́jọ́ kan. Mo sáré bá a, ó ní, "Dúró síbẹ̀! Má gbé mi." Ó di pákó mú, ó dìde, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ní kí n fi ọkọ̀ gbé òun lọ sí ilé Happiness. Bó ṣe jókòó ló ní, "Mo rí ọ lórí bẹ́ǹṣì." Happiness fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Màmá, èmi náà rí yín. Mo rò pé ẹ ti lọ sọ fún gbogbo èèyàn. Oṣù méjì ni n kò fi lè kọjá níwájú ilé yín." Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n sunkún. Bóòtù kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀ lọ gba oògùn báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá jẹ́ ìbínú ni, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìtìjú ni, ẹ kọ ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yín nìkan ni a kò rí kà.

Láídì.


Port-Gentil,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Màmá mi, àti Láídì àbúrò mi,

Àsàlámù aléékùmù. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ forí jì mí.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà. Mo bá ọkọ̀ lọ sójú òkun, mo dé, mo tún lọ. Ohun tí n kò sọ fún yín ni pé ó ti tó ọdún kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń jó mi bíi pé orí ẹyín iná ni mo dúró sí. Lẹ́yìn náà ó kú tipiri. Mo tẹ ìwọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ tí mo rí nínú ọkọ̀ ni mo fi mọ̀. Mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé omi iyọ̀ ló fà á. Láídì, nígbà tí mò ń pariwo mọ́ ọ pé àìsàn wo ni kò lórúkọ, tèmi ni mò ń béèrè.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, mo wọlé. Ó wà lára mi. Mo mọ bí mo ṣe kó o, níbí ni, kò kàn yín. Dókítà ní àrùn náà ló ń ba iṣan ẹsẹ̀ mi jẹ́. Ó ní kí ẹni tó ń bá wa túmọ̀ Faransé bi mí bóyá orí ń fọ́ mi, bóyá mò ń gbàgbé nǹkan, bóyá ojú mi ń ṣe méjì-méjì. Mo ní rárá. Dókítà ní mo tètè dé. Mo ní ìyá mi ló lé mi wá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gbé oògùn àkọ́kọ́ mì, níwájú rẹ̀. Ó ní jíjó ẹsẹ̀ náà lè rọlẹ̀, ó sì lè má lọ tán.

Mo ti sọ fún obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ó ti lọ yẹ ara rẹ̀ wò, kò sí lára tiẹ̀. Ó ní kí n fún òun láyè láti ronú. Mo fún un láyè.

Láídì, o dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ká ní o kúrò níbẹ̀ bí mo ṣe wí ni, kí ni ǹ bá máa kọ lónìí, ta ni ǹ bá sì máa kọ ọ́ sí? Mo ti kọ̀wé sí Bàbá Kékeré fúnra mi, mo ní èmi ni mo ṣì í lọ́nà.

Màmá, ẹ sọ fún mi. Ọdún mọ́kànlá, báwo lẹ ṣe ń rántí rẹ̀ lójoojúmọ́? Lójú òkun, gbogbo ọjọ́ ló jọra.

Ọmọ yín,
Sùlèímánì.


Zion Pepe,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Sùlèímánì, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún Iléyá. Láídì ka lẹ́tà rẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi, mo sunkún díẹ̀. Mo sì dìde, nítorí ẹja wà lórí ààrò.

Gbọ́ bí a ṣe ń rántí. So oògùn náà mọ́ ohun tí o kì í fò. Mo mọ̀ pé o kì í fo ìrun àṣùbáà, bí o bá ti kí i tán, oògùn ló kàn. Bí wọ́n bá ní ogún ọjọ́ lẹ máa lò lójú òkun, gbé ti ogójì ọjọ́ dání, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́. Pín in sí ọ̀nà méjì, kí o sì dì í sínú ike, kí omi má baà kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sọ fún ẹnì kan nínú ọkọ̀. Ẹnì kan péré tí o fọkàn tán. Dídá tí mo dá a rù ló gbé mi dé Àkúrẹ́. Máa wọ bàtà, kí o sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ lálaalẹ́, torí bí ìwọ̀ bá tún gún un, kò ní sọ fún ọ.

Èmi fúnra mi ni mo lọ sí ọjà Igbókòdá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan bi mí pé kí ni mo dì sínú agbọ̀n. Mo mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ni kò rí i. Mo ní ilẹ̀kùn. Mo ní rárá, dúró. Mo ní igi. Mo ní dúró, má tíì lọ. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ jáde, mo gbé e sí i níwájú, mo ní, "Edé!" Ariwo tí mo fi sọ ọ́, gbogbo ìsọ̀ ló yíjú wò mí. Ó rà á. Mo tà á tán kí oòrùn tó yí.

Má sáré wálé nítorí ẹ̀rù. Jẹ́ kí oògùn ràn ọ́ dáadáa, kí o wá ní Iléyá ọdún tó ń bọ̀. Màá wà níbí. Bí o bá dé, tí mo wò ọ́ lójú, tí mo sì pè ọ́ ní orúkọ bàbá rẹ, má jẹ́ kó bà ọ́ nínú jẹ́. Dá mi lóhùn. Màá tún un pè, màá tún un pè, títí yóò fi jẹ́ Sùlèímánì.

Ìyá rẹ,
Rekiyat.